Ọ̀nà Karùn-ún Lábẹ́ Òjò

Washington Larrosa ló yá wa lọ́kọ̀. Wípà apá kan ti kú.
Apá tèmi ń sáré nu ojú,
apá ti Bàbá ń sunkún láìsẹ́ni tó ń rẹ̀ ẹ́.
"Kò burú," ló wí, "kí ni mo fẹ́ẹ́ fi rí?"
Ojú rẹ̀ ti funfun bíi wàrà tí a fi omi là.
Ó gbé fíláàsì omi gbígbóná sáàárín itan,
ó di igbá máté mú bí ẹni tó gbé ọmọ ẹyẹ.

Ìdájí la ti kúrò ní Tacuarembó.
Òjò ti bá wa dìde. Kì í ṣe ọ̀wààrà;
òjò wẹliwẹli ni, èyí tí kì í bínú, tí kì í sì í lọ.
Lẹ́yìn wáyà, àwọn màlúù kẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́,
gbogbo wọn dojú kọ ibì kan náà
bí ìjọ tí pásítọ̀ rẹ̀ kò wá.

Tírélà tó kó igi yúkálípítọ́ọ̀sì kọjá,
ó bu omi ẹrẹ̀ lù wá, gbàà!
Èmi náà fọ́jú fún ìṣẹ́jú àáyá kan.
Mo rọ̀ mọ́ sítíárín. Bàbá rẹ́rìn-ín:
"Ṣé o ti wá rí i bó ṣe máa ń rí?"

"Ibo la dé?"
Mo ní Durazno ni. Mo fẹ́ kí ọ̀nà kúrú fún un.
Ó dẹ etí.
Táyà ń lu oríkèé afárá, gbà-gbà, gbà-gbà,
omi sì ń kùn nísàlẹ̀ jíjìn.
"Irọ́ lo pa, Mirtha. Río Negro nìyí. Paso de los Toros la wà.
Afárá Durazno kì í sọ̀rọ̀ tó báyìí."
Ojú tì mí. Mo tẹ iná mọ́ ọn.

Ní Durazno tòótọ́, nílé epo,
obìnrin kan gbé agbada kaná lábẹ́ páànù.
Lọ́dọ̀ tiwa, bí òjò bá ti ṣú, ìyẹ̀fun ń lọ sínú ọ̀rá,
kò sẹ́ni tó ń béèrè ìdí.
Zulma lórúkọ rẹ̀. Ó ní láyé ìyá òun,
omi òjò gan-an ni wọ́n fi ń pò ó.
Ó di márùn-ún sínú bébà, bébà náà ń tàn bíi fèrèsé.
Bàbá jẹ mẹ́ta, ṣúgà kún irùngbọ̀n rẹ̀.
"Ọ̀la ni wọ́n máa fi abẹ kàn mí, kì í ṣe òní."

Florida kọjá: iná pupa kan, ajá kan,
ọmọdékùnrin kan lórí kẹ̀kẹ́, ó fi àpò ìrẹsì borí.

Ìgbà tí a wọ Montevideo, Bàbá jókòó gbọnrangandan.
Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi ru ẹrù ní èbúté yìí
kí àìsàn Màmá tó pè é wálé.
"Bó o bá dé ilé búrẹ́dì, yà sọ́tùn-ún."
Ilé búrẹ́dì náà ti di ibi tí wọ́n ń ta fóònù, ó ti tó ọdún mẹ́fà.
Mo yà sọ́tùn-ún.

Kò fẹ́ kí á lọ sílé àbúrò rẹ̀. Etí omi ló fẹ́.
Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kúkúrú tí àwọn apẹja máa ń jókòó lé;
òjò ti lé gbogbo wọn lọ, àfi ọkùnrin kan àti korobá rẹ̀.
Bàbá yí gíláàsì wálẹ̀. Òjò wọlé, ó ń bọ́ sí i lẹ́sẹ̀.
Odò tó fẹ̀ débi tí a ń pè é lókun
ń gbá òkúta, ó ń mí, ó tún ń gbá a.

"Jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbọ́ ọ dáadáa," ló wí,
"kí n lè mọ̀
bí wọ́n bá fi òmíràn hàn mí lọ́la."

Mo pa ẹ́ńjìnnì. Wípà tèmi náà dúró.
Òjò bo apá méjèèjì dọ́gba.